Ibi Tí A Kì Í Fi Han Ìyá

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Mo sọ ọ́ gbangba ní pálọ̀ Màámi n'Ígándò, lọ́jọ́ Àìkú kan tí a ti jẹun yó. Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò jẹ́ kí òun gbádùn mọ́. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń wo àwọn ẹran inú òkun lórí fóònù ìyá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè fún ni pé bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, kí wọ́n gbé òun lọ sétí òkun, kí àwọn sun inú àgọ́, kí àwọn sì wọ ọkọ̀ lọ wo ìjàpá òkun lójú omi. Àbúrò mi ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, lápá Àgbádárìgì. Nígbà tó dárúkọ abúlé náà, mo gbé ife omi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Mo bi í. "Nínú gbogbo etí òkun tó wà l'Ékòó, ibẹ̀ nìkan lojú ẹ rí?"

Kó tó ráyè fèsì, Màámi ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kó egungun adìẹ jọ sínú abọ́ kan, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Èmi náà á lọ," ni wọ́n wí.

Ọmọ náà nìkan ló pariwo, tó fò mọ́ ìyá àgbà rẹ̀ lọ́rùn, nítorí kò mọ nǹkan kan.

Abúlé yẹn ni àbígbẹ̀yìn Màámi kú sí. Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí: èmi, àbúrò mi tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àti àbígbẹ̀yìn. Nígbà tó jáde ilé-ìwé tí kò ríṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ síbẹ̀, ó sì ń bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò lọ wo ẹran inú òkun ṣiṣẹ́. Wọ́n tún máa ń ṣọ́ ìjàpá tó bá gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn, kí àwọn èèyàn má baà pa á jẹ. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹja yìnyín ni mò ń tà n'Íkọ̀tún, mo sì máa ń sọ fún un lórí fóònù pé ohun tí àwọn èèyàn ń fi sebẹ̀ lòun wá lọ ń ṣe ọlọ́dẹ fún, pé ìwé tó kà ti dàrú mọ́ ọn lórí. Á kàn máa rẹ́rìn-ín ni. "Àǹtí mi, ẹ máa ta tiyín, ẹ jẹ́ kí n máa ṣọ́ tèmi jàre." Màámi ni kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún wọn pé ìjàpá máa ń sunkún tó bá ń yé, pé òun fojú ara òun rí omijé náà, Màámi sì lọ ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi ló rí i o, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún un."

Lọ́jọ́ kan, ìjàpá kan há sínú àwọ̀n àwọn apẹja. Àbígbẹ̀yìn bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, òun nìkan, pé òun fẹ́ lọ tú u sílẹ̀. Ìgbì dojú ọkọ̀ náà dé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i fà jáde. Nítorí ìjàpá! Títí dòní olónìí, bí mo bá rántí rẹ̀, inú á bí mi sí i, òun tó ti kú. Mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú sómi, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí, wọn kì í gbé e wálé. Òbí kì í sì í lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, kì í mọ ojú oórì rẹ̀ títí ayé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ò sì gbọdọ̀ fi hàn án. Torí náà, àwọn àgbà wá jókòó ti Bàámi, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì di Màámi mú nínú yàrá, èmi àti àbúrò Bàámi la lọ. Àbúrò mi ọkùnrin wà níbi iṣẹ́ lókè Ọya nígbà yẹn, kò lè bá a. Abẹ́ igi àgbọn la sin ín sí. Tánkì omi kan wà níbẹ̀, tánkì kọnkéré tí wọ́n ti pa tì. A ti ẹ̀yìn tánkì yẹn rìn gba inú yanrìn títí kí a tó dé abẹ́ àgbọn náà, òkun ṣì tún wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú. Mo wo ibẹ̀ dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé n ò ní gbàgbé.

Nígbà tí a padà délé, Màámi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ bàtà mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ rí nǹkan jẹ níbẹ̀?" Mo ní a rí jẹ. Wọn ò bi mí ní nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí èyí tó lórúkọ nínú. A lè jọ máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ oníyanrìn yìí, ṣé kì í tètè jìn?" A lè máa ká aṣọ kúrò lórí okùn, wọ́n á ní, "Òjò báyìí, kí ni yóò máa ṣe lápá ibi tí omi ti pọ̀?" Èmi náà á gbaná jẹ. "Màámi, ẹ má bi mí o! Ẹ mọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ bi mí!" Wọ́n á ní, "Ta ló bi ẹ́? Òjò ni mò ń sọ." Wọn ò sùn lásìkò yẹn. Tí mo bá lọ kí wọn láàárọ̀, ojú wọn á ti wú. Nígbà tó yá, lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bá mi to ẹja sínú yìnyín, wọ́n ṣàdéédé dáwọ́ dúró, wọ́n ní, "Omi tó mu ún yẹn, ṣé kì í dé ibẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N ò lè bínú. Mo ní, "Ibẹ̀ gbẹ, Màámi. Ó jìnnà sómi. Yanrìn gbígbẹ ni." Wọ́n mi orí, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń rí oorun sùn.

Bàámi kú láìmọ ibẹ̀. Àbúrò Bàámi tí a jọ lọ náà ti kú. Nínú ẹbí, ó wá ku èmi nìkan tí mo mọ̀ ọ́n. Màámi ò fẹnu kan ẹja òkun mọ́. Èmi tí mò ń ta ẹja, adìẹ ni mò ń rà lọ fún ìyá mi. Lọ́dọọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn bá ń lọ gbàdúrà létí òkun, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, wọ́n á jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ̀ lé wọn wọ kíṣìnnì lọ́jọ́ Àìkú yẹn.

"Màámi, ẹ ò lè lọ."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Èmi ò mọ nǹkan kan," ni wọ́n wí, wọ́n ṣí omi sórí abọ́. "Ọmọ ọmọ mi ń lọ wo ìjàpá, mo bá a lọ. Àbí wọ́n ti kọ òkun sí orúkọ ẹ ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí mo délé l'Ẹ́gbẹ̀dá, mo pe ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ omi ní abúlé yẹn lórí fóònù. Òun àti àbígbẹ̀yìn ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì fà á jáde nínú omi. Mo ní ìyá wa ń bọ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ fi ibì kankan hàn wọ́n, kò gbọdọ̀ yànà sọ ohunkóhun. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó gé e síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa bọ̀."

Ọjọ́ tí a lọ, ẹrù kún mọ́tò àbúrò mi bí ẹni ń kó lọ. Àgọ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wò rí, fóòmù, sítóòfù gáàsì kékeré, kúlà ìrẹsì àti adìẹ díndín, òògùn ẹ̀fọn. Màámi gbé pọ́ọ̀ wọn dání. Àbúrò mi ní, "Màámi, kí la fẹ́ fi pọ́ọ̀ ṣe létí òkun?" Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ lè lọ máa ṣu sínú igbó tó bá wù ú, àwọn ti dàgbà ju ìyẹn lọ. A rẹ́rìn-ín. Ìyàwó àbúrò mi ò bá wa lọ, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Àwa mẹ́rin la gba ọ̀nà Ìbà jáde sí títì Àgbádárìgì: èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi níwájú, Màámi àti ọmọ náà lẹ́yìn.

Ọmọ náà ò dákẹ́. Ìjàpá òkun lè di èémí mú tó wákàtí mélòó kan kí ó tó mí, àbùùbùtán tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì Màmá Àgbà lọ, gbogbo rẹ̀ ló ń rò. Èmi ni ó ń pè ní Bíígì Mọ́mì. Ó ní, "Bíígì Mọ́mì, ṣé inú yín ò dùn ni?" Mo ní inú mi dùn. Ó ní, "Màmá Àgbà náà ni inú wọn dùn. Àwọn ló ní ibẹ̀ ni ká lọ. Èmi sọ pé ibikíbi tó bá ṣá ti ní ìjàpá."

Mo yíjú sí àbúrò mi. Ó tẹjú mọ́ títì.

"Màámi ló pè mí," ló wí lábẹ́lẹ̀. "Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa jà."

"Mo sì máa jà lóòótọ́."

"Àǹtí mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ìyá wa ni."

Mo wo Màámi nínú dígí mọ́tò. Wọ́n fi orí ti ojú fèrèsé, wọ́n ń wo ìta: àwọn tó ń ta ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, ẹrẹ̀ ẹ̀bá títì. Wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀ tìfarabalẹ̀tìfarabalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ròyìn rẹ̀ nílé. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ṣé ọ̀nà tí ẹ gbà nìyí?"

"Gbà lọ síbo?" Mo dáhùn, ohùn mi le.

Wọ́n yíjú padà sí fèrèsé.

A fi mọ́tò sílẹ̀ létí ọ̀sà, ọkọ̀ gbé wa sọdá sí abúlé náà. Awakọ̀ tí mo pè lórí fóònù ló wá pàdé wa. Nígbà tó rí Màámi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn. Ó pẹ́ kó tó dìde. Màámi gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n bi í bóyá ó ti níyàwó. Ó ní òun ti ní ọmọ méjì. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á dá wọn sí fún ẹ." Ojú mi ń ta mí. Mo ní kí wọ́n wá gbé kúlà.

Abẹ́ àgbọn mìíràn létí abúlé la pa àgọ́ sí, tàbí kí n sọ pé ibi tí àgbọn kù sí. Ariwo ńlá la fi pa á. Àbúrò mi ń ka bébà tí wọ́n fi sínú rẹ̀, ọmọ náà ń fa okùn, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màámi jókòó sórí kúlà, wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín. "Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì mọ̀ ọ́n pa jù yín lọ. Ẹ̀yin ì bá ti sùn sójú òòrùn láti Íjíbítì." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ tí Màámi ń dápàárá báyẹn. Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní mò ń lọ ṣẹ́ igi tí a ó fi dáná. Irọ́ ni. Mo fẹ́ lọ wo ojú oórì náà fúnra mi, kí n lè mọ apá ibi tí n ò ní jẹ́ kí Màámi rìn dé. Mo tọ etí òkun lọ, mo ń wá ìlà àgbọn yẹn. N ò rí i. Mo rí tánkì náà lókèèrè, ó ti fì sí apá kan. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ó kù díẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ìgbì ló ń lu ìdí rẹ̀.

Mo dúró. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Mo ní bóyá tánkì mìíràn ni. Ṣùgbọ́n tánkì yẹn náà ni. Gbogbo ilẹ̀ tí a rìn lọ́jọ́ yẹn, tí ẹsẹ̀ wa ń rì sínú yanrìn, tí àbúrò Bàámi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn mi, omi ni. Àgbọn ò sí. Abẹ́ àgbọn ò sí.

Awakọ̀ náà ti dé lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ sọ fún yín lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sọ."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibí bọ̀ tipẹ́. Ó kó àgbọn, ó kó ilé àwọn kan, ó kó ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ilé tèmi náà, a ti kó kúrò níbẹ̀."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kí ló dé tí kò pè mí, mo ní ṣebí ó ní nọ́ńbà mi, mo ní wọn ì bá ti gbé e kúrò kí omi tó dé ibẹ̀, wọn ì bá ti ṣe nǹkan kan, nǹkan kan ṣá! Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò bá mi jà. Ó ní, "Èmi ni mo fà á jáde lẹ́ẹ̀kíní. Nígbà tí òkun kó ibẹ̀, mo tún wọ omi lọ. Mo wá a, ẹ̀gbọ́n. N ò rí i."

Mo jókòó sórí yanrìn mo sunkún. N ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín, nítorí ọjọ́ yẹn èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ń bá wọn sọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́. Omi náà tún ti mú un lọ. Gbogbo bí mo ṣe ń jágbe mọ́ ìyá mi, gbogbo bí mo ṣe ń pa ẹnu mọ́, ibi tí kò sí mọ́ ni mò ń ṣọ́. Mo sì ti sọ fún wọn pé ó gbẹ.

Mo bọ́jú nínú omi òkun, mo ṣẹ́ igi díẹ̀, mo padà.

Nírọ̀lẹ́, a jókòó yí iná ká, à ń jẹ ìrẹsì. Ọmọ náà ní kí Màmá Àgbà sọ ìtàn ìjàpá òkun. Màámi ní àwọn ò mọ ìtàn rẹ̀, ohun tí àbúrò bàbá rẹ̀, àbígbẹ̀yìn àwọn, sọ fún àwọn nìkan ni àwọn mọ̀. Wọ́n ní, "Á gòkè wá látinú omi. Á fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, á yé ọmọ sínú rẹ̀, á máa sunkún. Á bò ó. Á padà sínú òkun."

"Ṣé kì í padà wá wò wọ́n?"

"Kì í padà wá."

Ọmọ náà ronú. "Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n wà?"

Màámi gbójú sókè, wọ́n wò mí. "Òun mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló bò wọ́n."

Àbúrò mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo okùn àgọ́. Mo ti igi kan sínú iná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màámi jáde láti inú àgọ́ pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Gbogbo ẹni tó bá mọ ìjọ wọn mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà sí i. Mo ní, "Màámi, ọkọ̀ la fẹ́ wọ̀. A ò lọ ṣe ìsìn."

"Ọlọ́run ò sí nínú ọkọ̀ ni?"

Awakọ̀ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì pupa kan lé wọn lórí sùtánà, ó so ó, ó fa okùn rẹ̀ wò, ó tún fà á wò. Àwọn ọkùnrin abúlé ti ọkọ̀ sínú omi, wọ́n dúró de ìgbì tó fẹ́ rọlẹ̀, wọ́n kígbe, ẹ́ńjìnnì bú, a gun orí ìgbì àkọ́kọ́, omi dà sí wa lára. Mo di ọwọ́ Màámi mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà. Mo ń pe Jésù. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbì kẹta, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, omi tẹ́jú lọ, etí ilẹ̀ ti kéré lẹ́yìn wa.

Awakọ̀ darí ọkọ̀ tọ etí òkun lọ. A rí ẹyẹ, a rí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń ta kìtì lójú omi, ọmọ náà ń pariwo sí gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi ń ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni mo rí tánkì. Láti ojú omi, ó rí bí ìkòkò tí ẹnì kan sọ nù sí ẹ̀bá ilé. Mo wo awakọ̀. Kò wò mí. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì dúró.

"Ibí ni wọ́n ti máa ń yọjú jù," ló wí, ọmọ náà ló kọjú sí. "Kùkùté àgbọn wà nísàlẹ̀, koríko òkun ti hù sí i lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo ti ní kó má fi ibì kankan han ìyá wa, kò sì fi hàn wọ́n. Ó kàn gbé wọn dé ibẹ̀ ni.

Ìjàpá kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Orí rẹ̀ ni a kọ́kọ́ rí, ó tóbi ju ìkúùkù mi lọ, ó mí kanlẹ̀ bí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán, ó sì wò wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò lábẹ́ omi. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ayọ̀. Èmi wo ìjàpá náà, inú bí mi débi tí mo fẹ́ gbá a lójú. Ìwọ rèé. O wà láàyè. O ń jẹun lórí àbúrò mi.

Màámi ò bínú sí i. Wọ́n wò ó títí ó fi rì padà. Wọ́n wá sún mọ́ mi, jákẹ́ẹ̀tì wọn ń gún mi légbẹ̀ẹ́, wọ́n fi ẹnu sí mi létí kí ọmọ náà má baà gbọ́.

"Má fi hàn mí o," ni wọ́n wí. "N ò ní kó o fi hàn mí. Sọ fún mi ṣá. Ṣé ó jìnnà síbí?"

"Kò jìnnà, Màámi."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wo etí ilẹ̀, wọ́n wo ibi tí tánkì wà, ìgbì ń yí i ká. Wọ́n wo awakọ̀. Ó fi ẹ̀yìn sí wa, ó ń tún okùn kan tí kò bàjẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ojú mi. Kò sí ibi tí mo lè gbé e sá sí.

"Ṣé ibẹ̀ ṣì gbẹ?"

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo rántí ojú wọn tó máa ń wú láàárọ̀.

"Ó gbẹ, Màámi."

Màámi tẹ̀ síwájú, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sínú omi, wọ́n fi í síbẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, wọn ò tètè mú un kúrò. Wọ́n gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, n ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi etí sùtánà nù ún, ìka kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ti ṣe wàhálà." Ọkọ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí ibẹ̀, ọmọ náà sì ń pè wá pé ká wá wò ó, òmíràn tún ti yọjú.